Ta Ló Ni Irin Tó Wà Lára Rẹ̀? Ìmọ̀ràn Fún Ẹni Tó Ń Kọ Cyborg Aláwọ̀ Dúdú

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Kan:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akọni tó wà nílẹ̀ nìyí: apẹja láti Ẹ̀pẹ́, ọmọ ọdún 27, irin ni ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀: cyborg ni, ìyẹn ènìyàn tí ẹ̀rọ ti di apá kan lára rẹ̀. Kọ́míìkì ojú ewé 24 ni. Kí ló yẹ ká kọ sílẹ̀ kí ayàwòrán tó mú bírò? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣeé lò ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ fi ìtàn ìgbésí ayé yín sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Ará Àgbádárìgì:
Àbúrò, ẹ wá ìwé kan, kẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí ná. Ta ló sanwó irin náà? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u? Ta ló lè jókòó síbi tó jìnnà kó sì pa á bí ẹni pa iná? Ṣé ẹni tó lara gbà kí wọ́n tó fi irin sí i, àbí ó jí ló bá a bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo àwọn tí ará Amẹ́ríkà ti kọ. Victor Stone, akọni kọ́míìkì DC tí wọ́n ń pè ní Cyborg, èyí tí Marv Wolfman àti George Pérez dá sílẹ̀ ní 1980, bàbá rẹ̀ ló fi irin gbà á lọ́wọ́ ikú, kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà bàbá àti ọmọ yẹn ló gbé ìtàn náà ró, kì í ṣe ìbọn tó wà lápá rẹ̀. Michael Collins tó di Deathlok nínú kọ́míìkì Marvel ní 1990, ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún ló kó ọpọlọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ogun. Dwayne McDuffie, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tó kọ ọ́, ó sì hàn: Collins kọ̀ láti pààyàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n rọ ara náà fún nìyẹn. Ara dúdú tí ẹlòmíràn sọ di tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹni tó ń gbé Àgbádárìgì, tí ọ̀nà tí wọ́n fi kó ẹrú gba Gberefu lọ sókun wà nítòsí rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Síbẹ̀, ẹ má ya ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí gbogbo ojú ewé, ó máa sú òǹkàwé. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo tó, èyí tí wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ nígbà tó dákú, tí ìyá rẹ̀ ká sábẹ́ ẹní. Ohun mìíràn: tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, Ègùn ni kí àwọn kan sọ sí i. Kì í ṣe gbogbo etíkun ló ń sọ Yorùbá Ìsàlẹ̀ Èkó.

Wẹ́dà Ìpakódò:
Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni tèmi, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Apá ẹni tó wọn 80 kílò máa ń tó 4 kílò. Tẹ́ ẹ bá fi irin lásán rọ irú apá kan náà láìdá ihò sínú rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 31 kílò. Titanium á jẹ́ 18, alumíníọ̀mù kò ní tó 11. Tí gbogbo ara bá wá di irin, ó lé ní 600 kílò! Ọ̀kadà wo ló máa gbé e? Ọkọ̀ ojú omi wo ló máa fẹsẹ̀ lé tí kò ní dojú dé? Nítorí náà, ẹ ya irin náà bí egungun, kí ihò wà nínú rẹ̀, kí òǹkàwé rí ọ̀pá àti ìsopọ̀. Kódà pẹ̀lú 11 kílò lápá ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ sí òsì díẹ̀ tó bá dúró. Ayàwòrán tó bá mú un nàró ṣánṣán ti gbàgbé pé irin wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti bátìrì náà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kílò kan máa ń gba iná tó lè gbé nǹkan bí 200 wáàtì fún wákàtí kan gbáko. Tí apá yẹn bá ń jẹ 500 wáàtì nígbà tó ń jà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó jà fún wákàtí méjì, bátìrì kílò 5 nìyẹn, ibi kan sì gbọ́dọ̀ wà tó ń gbé e sí. Ẹ̀yìn ló dáa jù. Tí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I better pass my neighbour máa lò tó wákàtí méjì kó tó fi iná kún bátìrì náà, ọ̀tá tó bá sì gbọ́ ariwo yẹn lóru ti mọ ilé tó sùn sí. Bátìrì tó ṣì gbóná láti ojú ìjà kò ṣeé fi síná lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ọ̀bẹ gún lè gbiná. Ẹ ò níláti wá àìlera mìíràn fún un mọ́.

Omi ńkọ́? Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò níyọ̀ tó òkun Àgbádárìgì. Ẹ lo ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi bóòtù, ìṣó onínọ́ọ̀tì, tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe de alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ wá kàn án, alumíníọ̀mù ló máa jẹra, yíká ojú bóòtù gan-an, kì í ṣe bóòtù. Lójú ewé 15 kí ó lé ọ̀tá dé òkun, lójú ewé 20 kí ìgbọ̀nwọ́ máa mì. Omi tútù láti inú kànga àti gíríìsì lójú rọ́bà ìsopọ̀ ni oògùn rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Kan:
Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó lè máa fi ọpọlọ wọ kọ̀ǹpútà gbogbo ayé?

Wẹ́dà Ìpakódò:
Rárá o. Akọni tó lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ti pa ìtàn yín lójú ewé kejì. Kó fọwọ́ kan wáyà kó tó gbọ́ nǹkan, kó sì jẹ́ èyí tó wà nínú yàrá yẹn nìkan.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú:
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹran ara kún irin yín. Ọwọ́ àtọwọ́dá tó ń gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu máa ń lo èlò kékeré tó lẹ̀ mọ́ awọ, tó ń gbọ́ iná tó ń ti inú iṣan jáde. Tí òógùn bá pọ̀, kò ní gbọ́ dáadáa mọ́: ọwọ́ á pa dé nígbà tó yẹ kó ṣí. Oòrùn ọ̀sán níbi ọjà ẹja, ẹ lè fojú inú wò ó. Kùkùté apá máa ń wú, ó sì máa ń fọn, nítorí náà ife ọwọ́ àtọwọ́dá tí kùkùté ń wọ̀ kì í bá a mu láàárọ̀ bó ṣe rí nírọ̀lẹ́, ibi tó bá sì ń họ lè di egbò. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ri titanium mọ́ egungun gan-an. Ní Swídìn, 1990, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ife níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú awọ tí irin gbà jáde gbọ́dọ̀ mọ́ lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò á wọlé. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Ọwọ́ tó ti lọ tún lè máa dùn ún, bíi pé ìka tí kò sí mọ́ ká mọ́ra. Èmi á fún ìyẹn ní páńẹ́ẹ̀lì (àpótí àwòrán) mẹ́rin láìsí ọ̀rọ̀ kankan.

Nǹkan kan ń bí mi nínú nínú irú ìtàn báyìí: ní kété tí irin bá dé, wọ́n á gba ìfẹ́, oúnjẹ àti àdúrà lọ́wọ́ ọkùnrin dúdú náà. Ṣé irin ló ń jẹ ẹ̀bà ni? Ẹ fún un ní olólùfẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣe àlùwàlá: ó ń da omi sọ́wọ́ irin ni, àbí ó ń fò ó? Ẹ bi ààfáà kẹ́ ẹ tó yà á. Kí ìyá àgbà kan sì pè é ní ẹni òrìṣà, bí a ṣe ń pe abuké àti àfín, kó jiyàn pé Ògún ló ni òun, kì í ṣe Ọbàtálá. Ojú ewé kan gbáko nìyẹn.

Akunlé Àwòrán:
Íǹkì dúdú nìkan kọ́ la fi ń kun ara dúdú, eérú ló máa ń dà. Nínú íǹkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti cyan (irú búlúù kan) 40, magenta (irú pupa kan) 65, yellow 75, black 35, nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi òjìji, ẹ fi magenta àti cyan kún un. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà máa ń mú dáadáa lára awọ dúdú, ó sì máa ń gba àwọ̀ ohun tó wà nítòsí: àwọ̀ ojú ọ̀run létí omi, àwọ̀ òféfèé lẹ́bàá iná àtùpà. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ yọ gbogbo àwọ̀ kúrò kí ó ku funfun àti dúdú. Tí irin àti awọ bá di nǹkan kan náà, ẹ tún un kùn.

Atẹ̀wé Ṣágámù Road:
Ojú ewé 24 dáa, ó pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, píìnì á mú un. Ohun ìyàlẹ́nu, ẹ fi sójú ewé 2, 4, 6, ibi tí wọ́n ti ń ṣí ìwé. Bálúùnù kan, ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí, kó má ju ọ̀rọ̀ 25.

Ìṣòro wà níbi lẹ́tà. Ẹ́ tó ní àmì lókè àti lábẹ́ kò ní kóòdù tirẹ̀ lódidi lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń to àmì lé e ni, irú lẹ́tà (font) kọ́míìkì púpọ̀ ni kò sì mọ̀ ọ́n tò. Àmì á sún sórí lẹ́tà kejì tàbí kó di àpótí òfìfo. Lẹ́tà ńlá ló sì ń wà nínú bálúùnù, nítorí náà ẹ fi àyè ìlà sí 140 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àmì ìlà ìsàlẹ̀ má gún ẹsẹ̀ ìlà òkè. Ẹ kọ́kọ́ fi “GBÉ ỌKỌ̀ MI WÁ” dán an wò. Tí àmì yẹn bá já bọ́, ọkọ ni apẹja yín ń wá létí omi yẹn o, kì í ṣe ọkọ̀.