Kí ló tì yín dé ìdí òwò nígbà tí ẹ wà ní yunifásítì? Ẹ wá sọ tiyín

Tèmi, ẹja ni.

Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Oṣù 8 gbáko ni. Mo kó ẹrù mi padà sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ìjókòó sú mi, mo ń bá àǹtí mi lọ sí ọjà Olúwo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja.

Lọ́jọ́ kan, àǹtí mi wọn ẹja àrọ̀ kílò 30 fún mi. Wọ́n ní, "Gbé e lọ. Tó o bá tà á tán, kó o gbé owó mi wá." Wọn kò béèrè onídùúró. Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà, torí gbèsè ti wà lọ́rùn mi.

Mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo ká a, mo yan án. Àmọ́ ojú ń kán mi, mo tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, nǹkan funfun ti hù lára rẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè mí. Mo dá owó gbogbo wọn padà, mo lọ bá àǹtí mi tẹkúntẹkún.

"Kílò 3 ẹja tútù, tó bá gbẹ dáadáa, bóyá ló fi máa ju kílò 1 lọ. Tìrẹ ṣì wúwo. Omi lo tà fún wọn."

Ni wọ́n bá tún wọn òmíràn fún mi.

Ẹ̀yin ará, òmíràn yẹn ló mú mi dúró. A ti ṣe kọ́ọ̀sì iṣẹ́ òwò nílé-ìwé, dandan ni fún gbogbo wa. Mo kọ ètò ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, mo sì gba A, bẹ́ẹ̀ mi ò wọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò bú kọ́ọ̀sì náà o. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti ya owó ọjà sọ́tọ̀, kí n sì ṣírò owó igi, ọkọ̀ àti ọ̀rá mọ́ iye tí mo máa tà á. Àmọ́ ta ni ì bá fún mi lọ́jà lẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀?

Nígbà tí a wọlé padà ní oṣù Ọ̀wàrà, mo gbé páálí 2 wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn ìyá ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rà á.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìkòròdú ni èmi. Bí mo ṣe ń retí JAMB, màámi fi mí síbi iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ṣábọ̀. Inú bí mi gan-an nígbà yẹn. Ìgbà tí mo wọ LASUSTECH, yunifásítì tó wà ní Ìkòròdú, ni ẹnì kan ní kíláàsì wa rí ẹ̀wù ọrùn mi, ó ní ta ló rán an. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹni 4 ti gbé aṣọ wá bá mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti san owó kílò 30 àkọ́kọ́ yẹn?

*

Mo san án tán ní oṣù Ògún ọdún yẹn. Àǹtí mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní kí n gbé apẹ̀rẹ̀ mi wá.