Ṣé «gba Ọlọ́run gbọ́» ni àbí «gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run»?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ jọ̀wọ́, èwo ló tọ̀nà? Ṣé ẹlẹ́sìn Kírísítì nìkan ló sì ń jẹ́ Onígbàgbọ́?

Èsì 1: Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì ni gbàgbọ́, ẹni tí a gbà gbọ́ ló ń wọ àárín. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé gbà, ohùn rẹ̀ á di ti àárín: mo gba Ọlọ́run gbọ́. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ kì í yẹ̀: mo gbà á gbọ́, bíi ti Jòhánù 3:16. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi àmì fi.

Èsì 2: Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ìgbàgbọ́ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń bá «nínú» rìn: ó ní ìgbàgbọ́ nínú Olódùmarè. «Mo gbàgbọ́ nínú» wọ́pọ̀ lẹ́nu oníwàásù, ṣùgbọ́n èmi ò ní kọ ọ́. «Gbà pé Ọlọ́run wà» tún yàtọ̀ pátápátá: èèyàn lè gbà bẹ́ẹ̀ kó má gbára lé E rárá.

Èsì 3: Onígbàgbọ́ lásán, Kírísítẹ́nì ni. Mùsùlùmí a máa fi òdodo kún un: onígbàgbọ́ òdodo.