Báwo la ṣe lè so ìgbàgbọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì kó má di ìwàásù?

Olùkọ́Kubwa:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ àti kọ́pà bíi méjìlá ló ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa lẹ́yìn ìsìn. Àwọn kan ń kọ́ báyọ́lọ́jì, àwọn kan ìṣirò owó, àwọn kan òfin. A fẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ìgbàgbọ́ ti kan iṣẹ́ wọn gan-an, àmọ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti di ìwàásù, àbí àríyànjiyàn lórí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní. Wákàtí kan la ní. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

BàbáGwagwalada:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ Bíbélì lẹ fi ń ṣíde, ìyẹn ló ń fà á. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ṣáájú. Ẹ mú Gregor Mendel, mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ní Brno, tó gbin ẹ̀wà pea láti 1856 sí 1863 kó lè mọ bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí. Ẹ kọ iye rẹ̀ sára pátákó: olódòdó àlùkò 705, olódòdó funfun 224. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pín in, 3.15 ni wọ́n máa rí, ó súnmọ́ mẹ́ta sí ọ̀kan tí Mendel ń retí. Ẹ wá sọ fún wọn pé ní 1936, Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò tóun náà jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tún gbogbo iye Mendel yẹ̀ wò, ó ní wọ́n súnmọ́ ohun tí Mendel ń retí jù. Ó fura sí olùrànlọ́wọ́ kan tó mọ ohun tí ọ̀gá ń fẹ́. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ béèrè: ta ló ti pa iye dà nínú ìwé lábù rẹ̀ rí, kí èsì lè bá ti olùkọ́ mu? Gbogbo wọn máa dákẹ́. Ẹ má yára sọ̀rọ̀. Òwe 11:1 lórí ìwọ̀n èké lẹ máa kà kẹ́yìn, kò sì ní nílò àlàyé púpọ̀.

ÌyáAkawùntì:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Fún àwọn oníṣirò owó, ẹ lo múdù, abọ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn ẹ̀wà. Kí wọ́n ra ẹ̀wà múdù kan-kan lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, irú ẹ̀wà kan náà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi iye kílò pín owó. Ẹ ṣọ́ ohun méjì: wọ́n lè ti lu ìdí múdù wọnú, ọlọ́jà kan sì lè ṣe é ní òkìtì kí òmíì gé e. Bí ẹ̀wà ṣe tutù tàbí gbẹ sí náà lè yí ìwọ̀n padà. Ẹ má dárúkọ ọlọ́jà kankan o.

Lẹ́yìn náà, Ámósì 8:5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀tàn méjì ló wà níbẹ̀: efa tí wọ́n fi ń wọn ọkà ni wọ́n dín kù, ṣekeli tí wọ́n fi ń wọn owó oníbàárà ni wọ́n sọ di ńlá.

Agbẹjọ́rò_Lugbe:
Ti àwọn olófin rèé. Abala 10 ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba má sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Abala 38(2) ní wọn ò gbọdọ̀ fipá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ kọ ẹjọ́ kan sílẹ̀ láìdárúkọ ẹ̀sìn, kí wọ́n dá a. Ẹ wá fi ọmọ Kìrìsìtẹ́nì sí i, lẹ́yìn náà ọmọ Mùsùlùmí. Bí ìdájọ́ bá yí padà, òṣùwọ̀n méjì ló wà nílé, ńlá àti kékeré, bí Diutarónómì 25:14 ti wí. Ní Àbújá níbí, tí ẹbí ẹlẹ́sìn méjì pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Òfin Ìdìbò kò fàyè gba ìpolongo nílé ìjọsìn.

Olùkọ́Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Múdù la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwọ̀n ilé ìdáná tó?

ÌyáAkawùntì:
Ó tó, bó bá péye. Ẹ wọn ìgò òfìfo, ẹ bu omi lítà kan sí i, kí ẹ tún un wọ̀n. Kílò kan ló gbọ́dọ̀ fi lé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá òmíràn kí ẹ tó lọ sọ́jà.