BMW X3 àlòkù: ẹ́ńjìnnì wo ni kí n yàn fún ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Kétu ni mò ń gbé, mo sì ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nǹkan bí 100 kìlómítà ní àlọ nìkan. Ọkọ̀ BMW X3 ọdún 2014 ni mo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ọkàn mi pín sí mẹ́ta: xDrive28i onísílíńdà mẹ́rin (sílíńdà ni ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó), xDrive35i onísílíńdà mẹ́fà, àti xDrive20d tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 67. Bí ó bá ń jẹ lítà 10 ní 100 kìlómítà, yóò rin 670 kìlómítà. Bí ó bá ń jẹ 14, kò ní kọjá 480. Ìyàtọ̀ yìí ká mi lára gidigidi, nítorí n kò fẹ́ ra epo inú ìgò ní ẹ̀bá ọ̀nà mọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì tú asẹ́ epo ọkọ̀ mi àtijọ́, omi dúdú tó ní ìdọ̀tí kíkúnná bí iyanrìn ni ó dà sínú abọ́ níṣojú mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù X3 yìí ń fi agbára ńlá fín epo tààrà sínú sílíńdà, èyí tí kò gba ẹ̀gbin rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wa èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kìlómítà mélòó ni táǹkì kan ń gbé yín dé ní òpópónà, yàtọ̀ sí inú ìlú? Ṣé asẹ́ èéfín ti onídísẹ́ẹ̀lì kì í tètè dí bí a bá ń lò ó fún ìrìn kúkúrú láàárín ọjà? Ohùn onísílíńdà mẹ́fà wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n ṣé owó epo rẹ̀ ṣeé gbé lóṣooṣù?