Fídíò fóònù ní láàbù físíìsì: kí lẹ ti bá pàdé?

Ẹ̀yin olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tracker, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fídíò wọn bí nǹkan ṣe ń rìn, là ń sọ lónìí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Bọ́ọ̀lù téńìsì, ọ̀pá ìwọ̀n mítà kan àti fóònù ti tó. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí kò ní mì, kó jìnnà tó mítà 2, kí ojú kámẹ́rà sì wà láàárín gíga tí bọ́ọ̀lù máa gbà wálẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan súùmù. Láti mítà 1.5, bíi àwòrán 16 lẹ máa rí kí ó tó kanlẹ̀, tí fóònù bá ń ya 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ bọ́ọ̀lù nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi parabola (ìlà tó tẹ̀ bí ọrun) gba àárín àwọn àmì náà kọjá. Nọ́ńbà iwájú t² (t ni àkókò) ni ìdajì g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú eré bọ́ọ̀lù pọ̀ sí i. Ó yẹ kó sún mọ́ 4.9.

—

Ọ̀pá yẹn, tí Tracker fi ń mọ bí mítà kan ṣe gùn tó nínú àwòrán, òun gan-an ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tí bọ́ọ̀lù á wá máa já bọ́ níwájú rẹ̀. Tí ògiri bá wà ní mítà 2 sí kámẹ́rà, tí bọ́ọ̀lù wà ní 1.7, g á di nǹkan bí 11.5. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní afẹ́fẹ́ ló fà á! Afẹ́fẹ́ tó jẹ́ pé ṣe ló ń dín g kù. Ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dé orí slow motion. Fóònù á ya 240, á tọ́jú rẹ̀ bíi 30. Tracker á gba 30 gbọ́, àkókò á gùn ní ìlọ́po 8, g á sì di 0.15, torí 64 (8 × 8) ló fi pín in. Ẹ wọ Clip Settings, ẹ kọ 240 síbi frame rate, ó parí.

Ti ìmọ́lẹ̀ ló le jù. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, pàápàá tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ọ̀pọ̀ fóònù á dín iye àwòrán kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àlàfo wọn ò ní dọ́gba mọ́. Bọ́ọ̀lù náà á fà gbọọrọ: nítòsí ilẹ̀, eré rẹ̀ ju mítà 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kámẹ́rà bá la ojú fún 1/30 ìṣẹ́jú àáyá, á fà tó sẹ̀ǹtímítà 18. Ní 1/500, nǹkan bí 1 ni. Ẹ gbé e síta lọ́sàn-án.

Tí kọ̀ǹpútà bá wà fún wọn, ẹ fi fláàṣì pín fídíò kan náà, kí kálukú tẹ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà nínú g wọn, ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló ti wá.