Ìsinmi spring break: a fẹ́ lọ bá wọn tún ilé kọ́ ní Swannanoa, kí ló yẹ ká mọ̀?

Akin_Atlanta béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mẹ́jọ ni wá ní yunifásítì kan ní Atlanta. Oṣù Kẹta tó ń bọ̀, a fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún ìsinmi wa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní agbègbè Asheville àti Swannanoa ní North Carolina, níbi tí ìjì Helene ti fa àkúnya omi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló ti kun ilé rí, àwa yòókù ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Méjì nínú wa ń lo físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ṣé a lè kàn wakọ̀ débẹ̀ ká máa kanlẹ̀kùn? Kí la máa kó dání? Ṣé ẹrẹ̀ la máa lọ gbá ni?

Mama Raleigh:
Ẹ má kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni o, ẹ̀yin ọmọ. Ìlú olókè ni ibẹ̀, omi gbé ọ̀pọ̀ afárá kéékèèké tó wọ ilé àwọn èèyàn lọ, ọkọ̀ yín lè dé etí odò kí ẹ má rọ́nà kọjá. Ẹgbẹ́ tó ti ní ilé lọ́wọ́ ni kí ẹ lọ sábẹ́ rẹ̀. Baptists on Mission wà níbẹ̀, Samaritan's Purse tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Boone wà níbẹ̀, Asheville Area Habitat for Humanity náà ń tún ilé ṣe. Ẹ kọ̀wé sí wọn nísinsìnyí, torí ọ̀sẹ̀ spring break máa ń tètè kún.

Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà, ibi tí ẹ máa sùn (ilẹ̀ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń jẹ́, ẹ kó àpò ìsùn dání), ẹni tó máa sanwó bí ẹnì kan bá fara pa, àti bóyá onílé ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n wọlé òun. Ní pàtàkì jù lọ, ẹ bi wọ́n ibi tí iṣẹ́ ilé náà dé. Ẹrẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, àtúnkọ́ ló kù. Ẹni tó bá gbé ṣọ́bìrì lọ báyìí, á kàn jókòó ti ṣọ́bìrì ni.

Káfíńtà_Charlotte:
Mama ti sọjú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti bó inú ògiri rẹ̀ dà nù, tó ku igi lásán, máa ń fẹ́ òwú tó ń dènà òtútù, lẹ́yìn náà drywall (pátákó ẹfun tí wọ́n fi pépà bò, òun ni wọ́n fi ń bo ògiri àti àjà), lẹ́yìn náà ọ̀dà, lẹ́yìn náà ilẹ̀.

Kí ẹ tó bo ògiri kankan, nǹkan méjì ni kí ẹ bi olórí ibi iṣẹ́. Àkọ́kọ́, ṣé wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn omi inú igi? Kò gbọ́dọ̀ ju 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ẹ bá bo igi tútù, á bu lẹ́yìn ògiri tuntun, wọ́n á sì tún fọ́ ọ. Èkejì, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò ti fọwọ́ sí wáyà àti páìpù? Bí kò bá tíì fọwọ́ sí i, ó lè ní kí wọ́n tú gbogbo ohun tí ẹ kàn.

Drywall tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó gùn ní 8, ó nípọn ní ìdajì íǹṣì. Ẹni méjì ni kó gbé e, lóòró, torí bí ẹ bá gbé e gbalaja, àárín rẹ̀ á kán. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ fi àlàfo ìdajì íǹṣì sílẹ̀, nítorí pépà ara rẹ̀ máa ń fa omi sókè bí òwú àtùpà. Skrúù íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin ni kí ẹ lò, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní íǹṣì 16 lára ògiri, 12 ní àjà. Orí skrúù gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ láì ya pépà. Bí pépà bá ya, skrúù yẹn ò di nǹkan kan mú mọ́, ẹ fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ètò ọ̀sẹ̀ kan ti máa ń dàrú nìyí. Ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé drywall, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi í, ó sì máa ń tó wákàtí 24 kí ìkọ̀ọ̀kan tó gbẹ. Bí ẹ bá kan ògiri lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni ẹ máa fi sáńpépà ha á, ẹ ò ní kan ọ̀dà rárá. Èyí tó jẹ́ lúbúlúbú, tó máa ń le láàárín ìṣẹ́jú 45 tàbí 90, wà lóòótọ́, àmọ́ ó ṣòro ha, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Asheville ga ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òru oṣù Kẹta ṣì máa ń tutù gan-an níbẹ̀. Nínú ilé tí kò bá gbóná tó 55 Fahrenheit, kò ní gbẹ dáadáa. Ẹ má torí ìyẹn gbé sítóòfù kẹrosíìnì wọlé: ó máa ń tú ọ̀rinrin síta, èéfín rẹ̀ sì lè pa èèyàn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ilé tó ti dé orí ọ̀dà, òwú tàbí ilẹ̀ onípátákó tó máa ń wọ ara wọn. Ẹ má purọ́ pé ẹ mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá purọ́, ẹlòmíràn ló máa tún un ṣe.

Bọ̀dá_Túndé:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pé kí wọ́n sá fún drywall pátápátá. Bí olórí iṣẹ́ kan bá wà pẹ̀lú wọn, àwọn ọmọ mẹ́rin lè kan yàrá kan lóòjọ́.

Káfíńtà_Charlotte:
Kíkàn kọ́ ni mò ń sọ, àbúrò. Dídí ojú ìpàdé ni. Ògiri tí wọ́n kàn dáadáa, tí wọ́n dí gbágungbàgun, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa rí i nígbà tí iná bá tàn.

Nọ́ọ̀sì_Houston:
Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ó bá ti ju ọdún 10 lọ tí ẹ gbà á gbẹ̀yìn, kó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ lọ. N95 ni ìbomú tí ẹ máa lò, èyí aláṣọ ò dènà eruku drywall. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fá irùngbọ̀n, torí afẹ́fẹ́ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Aṣọ alápá gígùn, awò ojú, ìbọ̀wọ́, bàtà tó le nísàlẹ̀ kí ìṣó má gún yín. Òwú inú ògiri máa ń yún ara. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣan án.

Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní ọ̀dà olójé, ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi bleach fọ nǹkan, ẹ má pò ó mọ́ amóníà tàbí fíníígà láé. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán.

Bọ̀dá_Túndé:
Kí n fi kún un: ẹ má fọwọ́ kan ayùn onímọ́tò tí wọn ò bá kọ́ yín. Igi tó ṣubú lé ara wọn máa ń ta padà bí ẹ bá gé e. Ẹ má sì dáná sun pàǹtírí. Oṣù Kẹta 2025, iná ńlá jó ní Polk County ní North Carolina níbẹ̀, igi tí Helene wó sílẹ̀ wà lára ohun tó ń bọ́ ọ.

Akin_Atlanta:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Àwọn F-1 ńkọ́? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ti kó aṣọ àlòkù jọ, ó kún búùtù.

Mama Raleigh:
Ẹ fi aṣọ sílẹ̀ ní Atlanta. Ó fẹ́ ẹni tó máa ṣà á, ó fẹ́ ibi tí wọ́n máa kó o sí, èyí tí ò bá wúlò á di pàǹtírí tí àwọn ará ibẹ̀ máa sanwó kó. Ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ọ̀dà àti skrúù tí ẹgbẹ́ náà bá béèrè fún. Ẹ máa jẹun ní búkà ìlú náà pẹ̀lú, wọ́n nílò oníbàárà.

Ní ti F-1, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú kò léwu, bó bá jẹ́ irú iṣẹ́ tí wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọngílá tó ń jèrè kọ́ ni kí wọ́n ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún, wọn ò sì gbọdọ̀ gbowó. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè níléèwé yín, kí èsì wà lákọsílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ háyà ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti pé 25 fọwọ́ sí i, wọ́n máa ń gba owó àfikún lọ́wọ́ ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú máàpù sórí fóònù kí ẹ tó gbéra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró láàárín òkè.

Ẹ má sì fojú di ìwé tí wọ́n máa ní kí ẹ fọwọ́ sí láràárọ̀: orúkọ, ọjọ́, wákàtí, ibi iṣẹ́ àti irú iṣẹ́. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí àjálù, máa ń jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ka wákàtí àwọn tó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ ìpín tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ mú sílẹ̀ nínú owó àtúnṣe. Wákàtí tí kò bá sí nínú ìwé, wọn kì í kà á.

Káfíńtà_Charlotte:
Kí ẹ tó kúrò lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ògiri kọ̀ọ̀kan: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti dí ojú ìpàdé, ọjọ́ wo, ibi tí páìpù gbà kọjá. Ẹ má lo bírò, á yọ lábẹ́ ọ̀dà.