Rédíò tuntun kò mọ risífà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ní: ṣé firmware ni, àbí owó?

Àwòdì Medway:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kent ni mò ń gbé, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Àárọ̀ Sunday tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, pápá tí a ti ń fi rédíò ọwọ́ darí bàlúù kékeré ni ẹ ó ti bá mi. Rédíò FlySky FS-i6 ni mo fi kọ́ ọ, ó ti di ọdún kẹrin báyìí. Bàlúù mẹ́rin ni mo ní: trainer (bàlúù akẹ́kọ̀ọ́) kan tí apá rẹ̀ wà lókè, glider kan tí apá rẹ̀ gùn tó mítà méjì, wing (bàlúù tó jẹ́ apá nìkan) kan tí mo fọwọ́ ara mi gé láti inú fóòmù, àti Spitfire kékeré tí ìyàwó mi fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún. Risífà FS-iA6B, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ rédíò, ló wà nínú ikùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí èyí tí mo rà ju £14 lọ nínú wọn.

Lóṣù tó kọjá mo rí rédíò TX16S àlòkù kan, £130. Ó wù mí gan-an, nítorí ojú rẹ̀ fẹ̀, mo sì lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀ láìwọ gíláàsì. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí risífà tí kì í bá sọ̀rọ̀, èmi náà sì ti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e délé, mo ṣí Model Setup (ojú ewé ètò bàlúù), mo wá FlySky títí, n kò rí i. CRSF nìkan ló wà níbi Internal RF, ibi tí a ti ń yan èdè ẹ̀rọ inú rédíò. Wọ́n kọ ELRS (ExpressLRS, èdè rédíò mìíràn tó ń fara hàn bíi CRSF) sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kọbi ara sí i nígbà tí mò ń sanwó.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní ẹgbẹ́ wa wá fún mi ní risífà ELRS méjì tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tipẹ́, EPW5 ni wọ́n, pé kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo tàn án, mo pa á, lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú méjì-méjì, mo tẹ Bind kí rédíò àti risífà so pọ̀, mo dúró. Iná yẹn kò dúró gbọin rárá. Nọ́ńbà firmware (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ) tí rédíò kọ sójú ni 3.3.0.

Ṣé firmware kan wà tí mo lè kó sínú rédíò yìí kí ó máa sọ èdè FlySky? Kí ló sì ṣe EPW5? £80 ló kù lọ́wọ́ mi fún ọ̀rọ̀ bàlúù títí àwọn ọmọ yóò fi wọlé ìwé.

Ìyá Ìbejì Leeds:

Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì ta nǹkan kan.

Kí n kọ́kọ́ mú ti FlySky. Kò sí firmware tó lè ṣe é. Orí chip kan tí wọ́n ń pè ní A7105 ni èdè FlySky yín, AFHDS 2A, ń gùn. SX1280 ló wà nínú rédíò yín, LoRa ni òun sì ń sọ. Lóòótọ́, 2.4 GHz ni àwọn méjèèjì. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, èdè wọn ni kò papọ̀. Ẹni tó tà á fún yín kò purọ́ pátápátá, torí oríṣi méjì ni wọ́n ṣe TX16S. Ọ̀kan ní chip mẹ́rin nínú, A7105, CC2500, CYRF6936 àti NRF24L01, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 4-in-1. Òun ni èyí tí ẹ ka ìròyìn rẹ̀. Èkejì ni ti ELRS, òun ló wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ yí ẹ̀yìn rédíò yẹn sókè. Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ike bò. Ẹ ra module (ẹ̀rọ àfikún) 4-in-1, kí ẹ tì í bọ ibẹ̀. £38 ni mo ra tèmi. Ẹ pa Internal RF, ẹ ṣí External RF, ẹ yan MULTI, lẹ́yìn náà FlySky2A. Ẹ fi bind plug (ìdí kékeré tí wọ́n ń kì bọ risífà láti so ó pọ̀) sí iA6B kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé rédíò kan ṣoṣo ni iA6B ń mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ti so ó mọ́ TX16S, FS-i6 kò ní lè darí rẹ̀ mọ́ àfi tí ẹ bá tún un so.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Risífà ELRS tí mo rà kẹ́yìn, ER6, jẹ́ £20. Mẹ́rin rẹ̀ ti kó £80 yín tán, ẹ ó sì tún fi ọ̀bẹ la ikùn Spitfire tí ìyàwó yín fi ta yín lọ́rẹ. Èmi kò ní gbà fún yín.

EPW5 ńkọ́? Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa wò. Rédíò yín jẹ́ ìran 3, ọdún 2022 ni ìran yẹn jáde. Risífà tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀, ìran 2 ni yóò jẹ́. 2 àti 3 kì í gbọ́ ara wọn. 3.0 àti 3.3 ń gbọ́ ara wọn, ìyẹn kò ní wàhálà. Kì í sì í ṣe ELRS nìkan ni irú èyí wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ FrSky gbé ìran 2 èdè rédíò tirẹ̀, ACCST, jáde, rédíò tó bá ti gòkè kò lè bá risífà ìran 1 sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé rédíò rẹ̀ gòkè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye risífà tó wà nílé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ fún EPW5 ní iná, ẹ jẹ́ kí rédíò wà ní pípa, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan. Yóò gbé Wi-Fi tirẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ ni ExpressLRS RX, password rẹ̀ ni expresslrs. Ẹ ṣí 10.0.0.1 lórí fóònù. Fáìlì tí ẹ ti fi ExpressLRS Configurator ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ máa gbé sókè níbẹ̀. Orúkọ risífà gan-an ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá dé ibi òfin rédíò, ẹ yan LBT (kí rédíò máa tẹ́tí kí ó tó sọ̀rọ̀) torí ìlú tí a wà, kí ti rédíò àti ti risífà sì bára mu.

Ohun kan ṣì wà tó ń bà mí lẹ́rù lórí glider yín. Ṣé servo (mọ́tò kékeré) méjì ló ń yí etí apá rẹ̀, tí ìkejì sì wà lórí channel 5 (ọ̀nà àṣẹ karùn-ún)?

Àwòdì Medway:

Bẹ́ẹ̀ ni o! Ọ̀tún wà lórí 1, òsì wà lórí 5. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ìyá Ìbejì Leeds:

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sí, mo sì dúpẹ́ pé mo béèrè. Lórí ELRS, bó ṣe máa ń wà tí ẹ kò bá yí i padà, channel 5 kì í rìn díẹ̀díẹ̀. Òkè pátápátá tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá ló mọ̀, torí àwọn oní-quad (drone onímọ́tò mẹ́rin) ń fi í tan mọ́tò tí wọ́n sì ń fi í pa á. Tí ẹ bá kó ètò glider yẹn lọ sí EPW5 bó ṣe wà, bí ẹ ṣe fọwọ́ kan stick (ọ̀pá ìdarí) báyìí, etí apá òsì yóò yí lọ sí òpin. Bàlúù yẹn kò ní padà wá ní odindi.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Lórí rédíò, ẹ gbé etí apá òsì lọ sí channel 6. Lójú ewé 10.0.0.1 yẹn náà, ẹ lè sọ fún ẹnu karùn-ún EPW5 pé channel 6 ni kí ó máa gbé jáde. Ẹ yọ propeller kúrò kí ẹ tó dán an wò, ẹ jọ̀ọ́.

Aṣọ́pápá Luton:

Ìyá Ìbejì ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí Bàbá máa kó lọ sí ELRS pátápátá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ó ń rìn jìnnà ju FlySky lọ, ó sì ń sọ agbára bátìrì padà fún yín.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á láti China, ẹ má kó o pọ̀. Láti January 2021, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju £135 lọ, ẹni tó tà á ló ń gba VAT 20% lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnubodè ni wọ́n ti ń gbà á, ẹni tó gbé ẹrù wá yóò sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ kún un. Mo san án rí, ó dùn mí títí di òní.

Ìyá Ìbejì Leeds:

Òótọ́ ni pé ó ń rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n lórí pápá ẹgbẹ́, ojú èèyàn ló máa kọ́kọ́ sú kí FlySky tó sú. Bàbá kò nílò rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbàdàn ni mo wà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta FS-i6 yẹn fún ẹnikẹ́ni. Òun ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì jọ ń lò, iA6B méjì la ní láàárín ara wa, tí a ń yọ láti inú bàlúù kan bọ́ sínú òmíràn. Nígbà tí a bá fẹ́ risífà, ẹni tó ń bọ̀ láti London la máa ń bẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún trainer, ẹ má tú okùn rẹ̀ rárá.

Àwòdì Medway:

Ẹ̀yin èèyàn, mo padà dé.

£41 ni mo ra module. Wing àti Spitfire ti so mọ́ TX16S nípasẹ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé. Trainer wà lórí FS-i6 bí Ọmọ Mọ́kọ́lá ṣe wí. Ọmọkùnrin mi ti ń béèrè pé kí n kọ́ òun, òun ló máa lò ó.

EPW5 àkọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo gbé fáìlì ìran 3 sókè, ó ní àyè kò tó. Mo kà á kiri, mo rí i pé kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sí 2.5.2, lẹ́yìn náà sí 3. Ó gbà. Ti èkejì, orúkọ risífà mìíràn ni mo yàn nígbà tí oorun ti ń kùn mí. Ó kìlọ̀ fún mi pé wọn kò bára mu, ó ní ṣé kí òun tẹ̀ síwájú. Mo pa gbogbo rẹ̀, mo lọ sùn, mo sì ṣe é dáadáa láàárọ̀.

Glider ló gba àkọ́kọ́. Mo fi channel 6 sí ẹnu karùn-ún, mo yọ propeller, mo gbé stick díẹ̀díẹ̀, etí apá méjèèjì ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà mo dá a padà sí 5 láti fojú ara mi rí ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Etí apá òsì fò sókè, ó dúró síbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a padà sí 6. Mo tan mọ́tò, mo pa rédíò, mọ́tò náà kú.

Lánàá ó wà lókè fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. £39 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìbejì, iA6B tí mo yọ kúrò nínú glider wà nínú àpòòwé lórí tábìlì mi. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn kí oṣù yìí tó parí, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.